Kí Lo Rí Nínú Àlọ́ Yìí?

Láti àárọ̀ Sátidé ni ọmọ àbúrò mi ti jókòó sídìí tábìlì ìjẹun mi, tó ki okùn fóònù bọ etí, tí kò jẹ, tí kò mu. Kì í ṣe orin ló ń gbọ́. Ohùn ìyá mi ni. Ní oṣù tó kọjá, ó lọ bá màmá àgbà rẹ̀ nílé, ó gbé fóònù kalẹ̀ síwájú wọn lórí ẹní, ó ní kí wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo fún òun àti àwọn ọmọ agboolé. Ìṣẹ́jú 11 ni àlọ́ náà gbà. Ní báyìí, olùkọ́ wọn ní yunifásítì ti ní kí kálukú mú àlọ́ àpagbè kan, kó ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀ ní ojú-ìwé mẹ́fà. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbà á.

Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, wọ́n fún wa ní irú rẹ̀ ṣe lórí ìwé ìtàn kan. Mo kọ ojú-ìwé mẹ́rin, mo sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo nǹkan kan. Nígbà tí ìwé mi padà dé, olùkọ́ wa ti fi bíróò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “A ti ka ìtàn náà. Kí lo rí?” Mo gba 8 nínú 20. Ó dùn mí, nítorí n kò mọ ohun tó yẹ kí n rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àtẹ ẹ̀wà tí mo fẹ́ ṣà, tí mo fa àga mi súnmọ́ ọmọ yìí, tí mo ń wò ó.

Àlọ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Yánníbo ń wá ọmọ. Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún obìnrin náà, ó sì kìlọ̀ fún ọkọ pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ náà mú Ìjàpá lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú, ó wá ń sáré padà tòun torin lọ bẹ babaláwo. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ fi kún ojú-ìwé mẹ́fà kò yé mi.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ àlọ́ náà sílẹ̀ bí màmá ṣe pa á gan-an. Àdàkọ ni wọ́n ń pè é. Á jẹ́ kí ohùn náà sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, á fi àtàǹpàkò dá a dúró, á kọ ọ́, á dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún un gbọ́, á fi ojú tẹ̀ lé ohun tó kọ. Pẹ́ńsù ló ń lò, abẹ ló fi ń gbẹ́ ẹ, ẹnu pẹ́ńsù náà sì mú bí abẹ́rẹ́. Bó bá kọ ìlà kan, á fo ìkejì. Ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ màmá sí: ẹ̀rín, ikọ́, ọmọ tó béèrè ìbéèrè, ewúrẹ́ tó ké.

Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ewúrẹ́ ṣe?”

Ó yọ okùn létí kan. “N kò tíì mọ̀, Àǹtí. Àmọ́ bí mo bá ti yọ ọ́ kúrò báyìí, kò sí bí mo ṣe máa mọ̀ mọ́.”

Níbì kan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Màmá sọ ohun tí Ìjàpá fi ìṣaasùn ọbẹ̀ náà ṣe nígbà tó jẹun tán, ewúrẹ́ ọ̀hún sì ké lé e lórí. Ṣé “ó lá a” ni wọ́n wí ni, àbí “ó là á”? Ó pa ojú dé, ó tún un gbọ́. Ìṣaasùn tí wọ́n lá ṣì wà lódidi, ó kàn mọ́ tónítóní ni. Èyí tí wọ́n là ti fọ́. Olójúkòkòrò ló ń lá ìṣaasùn, ẹni tó fẹ́ bo àṣírí ló ń fọ́ ọ. Ìwà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ìgbà kẹrin, ó fi àmì ohùn òkè sórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ àkókò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ìṣẹ́jú 4, ìṣẹ́jú-àáyá 12. Mo dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró. Nígbà tèmi, a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àfi bí olùkọ́ bá dúró sí wa lẹ́yìn.

Ìwé méjì ló yá wá láti ilé-ìkàwé: Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973, àti ìwé tí Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ lórí ewì alohùn, tó jáde ní 1984. Mo rò pé wọ́n ló máa kọ́kọ́ ṣí. Kò ṣí wọn. Ó da ojú wọn délẹ̀ sábẹ́ àga. Ó ní bí òun bá kà wọ́n lákọ̀ọ́kọ́, ojú tiwọn lòun máa fi wo àlọ́ náà, òun kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tòun mọ́. Ó ní bó bá di ìrọ̀lẹ́ lòun máa kà wọ́n, kí òun lè mọ ibi tí òun ti ṣìnà àti ibi tí ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú òun.

Nígbà tí àdàkọ parí, ó kà á já lẹ́ẹ̀kan láìmú pẹ́ńsù dání. Kí ọwọ́ má baà yá, ó jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mi ò parọ́. Ó jókòó lé e, ó ń fi tòsì ṣí ìwé, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí èèyàn rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì parí, ó tẹjú mọ́ ògiri fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsù. Ó ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó bá wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ń fi òbìrí yí i ká. Ibi tí kò bá yé e, ó ń fi àmì ìbéèrè kékeré síbẹ̀. Àmì mẹ́ta péré. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lo bíróò aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń kun ìwé. Ó ní bí òun bá kun ún tán, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dà bí ẹni pé ó ṣe pàtàkì.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń rí ni ìgbà tó fi rúlà pín ojú-ìwé tuntun kan sí méjì. Lápá òsì, ó kọ “ohun tí ìtàn sọ”. Lápá ọ̀tún, “ohun tí orin sọ”. Ó wá ń ṣa ọ̀rọ̀-ìṣe láti inú àdàkọ rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Lápá òsì, Ìjàpá gbọ́ òórùn, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó jókòó, ó ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́, ó lá a. Mẹ́jọ. Ìjàpá ni olùwà gbogbo wọn, kò sí ẹni tó tì í.

Lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú orin tí Ìjàpá ń kọ bọ̀ lọ́nà, gbòǹgbò ló wà níwájú gbólóhùn. Gbòǹgbò ló ṣe é tó fi yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló lọ kan ọbẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló kan ẹnu. Ọmọ yìí fi òbìrí yí “ló” ká. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Òun ló gbé gbòǹgbò síwájú bí ẹni ń fa ọ̀daràn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.” Ó tún tọ́ka sí “tẹ̀rẹ́”, ọ̀rọ̀ kékeré tí màmá fi ya àwòrán bí ẹsẹ̀ ṣe yọ̀: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè, ó ti parí. Jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ kíá, ta ni yóò bá èèyàn wí sí i? Nínú ìtàn, Ìjàpá fara balẹ̀ jókòó jẹun ni.

Ó wá fi ìka tọ gbogbo orin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan. Kò rí i. Ó tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ náà ni “jẹ”. Nínú orin tí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀, kò sí “jẹ” níbẹ̀ rárá. Mo ti ń gbe orin yìí láti kékeré, mo ti fi rẹ ọmọ márùn-ún lẹ́kún, n kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí.

Ibí ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó tẹjú mọ́ ògiri, pẹ́ńsù ń bẹ láàárín eyín rẹ̀. Mo rò pé ó ti sinmi nìyẹn, mo bá ní kó bá mi sáré ra èlùbọ́ wá lọ́dọ̀ ìyá tó wà ní ìkòríta. Ó dìde, ó ní “Ẹ jẹ́ kí n lọ”, ó lọ. Nígbà tó dé, ó jókòó, ó wo ìwé, ó wo ògiri, ó sì mí kanlẹ̀. Ohun tó ń rò ti lọ. Kò bá mi jà, ọmọ tí a kọ́ ni. Àmọ́ ó lé ní wákàtí kan kó tó rí i padà.

Bó ṣe rí i padà náà nìyí. Ó tún fi okùn bọ etí, ó ní òun fẹ́ ka iye ohùn tó ń gbe orin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìjàpá kọ orin nínú àlọ́ màmá: lójú ọ̀nà, lẹ́nu ọ̀nà babaláwo, àti níwájú babaláwo fúnra rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ méjì péré ló gbè é. Ohùn wọn tutù, ó jọ pé wọ́n ṣì ń tijú fóònù. Ní ìgbà kejì, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló gbè é, ẹnì kan sì ń pàtẹ́wọ́. Ní ìgbà kẹta, ó dá fóònù dúró lójijì. Ó dá a padà. Ó tún gbọ́. Ó wá yọ okùn, ó kì í bọ èmi náà létí.

“Ẹ gbọ́ ohùn tó ga ju ti àwọn ọmọ yẹn lọ.”

Mo gbọ́ ọ. Ohùn tirẹ̀ ni.

Ó ní, “Èmi tí mo lọ ṣe ìwádìí. Èmi tí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo gbè é.”

Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́nu: gbè é. Ó sáré mú ìwé atúmọ̀-èdè tí mo ní, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ṣí lẹ́tà GB. Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá kan kò mọ̀: gbígbè ni ti orin, gbígbè náà ni ti ènìyàn. Ẹni tó ń gbe orin ń dáhùn sí ohun tí alórin lé. Ẹni tó ń gbe ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ọ̀ràn, ó ń tì í lẹ́yìn. Àlọ́ tó ní orin nínú, àpagbè lorúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sí àárín ìwé, ó sì fa ọ̀pá láti ibẹ̀ lọ sí ibi tó kọ “ohùn mi” sí. N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo lọ gbé omi ẹ̀wà kaná ní ìdákẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń gbẹ́ gbólóhùn kan lórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yóò dúró lé. Ó kọ́kọ́ kọ pé: Ìjàpá jẹ́ òpùrọ́ nínú àlọ́ yìí. Ó fa ìlà pa á, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ìyẹn. Ó kọ pé: Orin ṣe pàtàkì nínú àlọ́ àpagbè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló bá a jiyàn? Ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó gùn tó ìlà mẹ́rin, ó kà á sókè, èémí rẹ̀ tán kó tó dé òpin, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó kọ èyí: Àlọ́ yìí kò kàn fi òpùrọ́ hàn wá, orin inú rẹ̀ mú kí àwa tí a mọ òótọ́ bá òpùrọ́ náà bẹ̀bẹ̀.

Ó wò ó. Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀?”

Mo ní mo lè bá a jiyàn. Ọmọdé kàn ń gbe orin nítorí pé orin dùn ni, wọn kò ro ti babaláwo.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Ó dáa nígbà náà.” Ó mú pélébé ìwé kan, ó kọ iyàn mi sórí rẹ̀, ó ní òun máa dáhùn rẹ̀ kí olùkọ́ òun tó rí i sọ.

Irú pélébé ìwé yẹn tó mẹ́sàn-án lórí tábìlì nígbà tó yá. Kókó kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohùn màmá. Fáànù ń fẹ́ wọn kiri, ó bá fi àwọn òkúta tí mo ṣà nínú ẹ̀wà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ń tò wọ́n, ó ń tú wọn. Ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́jọ ṣíwájú, ó fi àìsí “jẹ” tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn ọmọ tó ń pọ̀ sí i ní ìgbà mẹ́ta. Iyàn mi wà nípò kẹrin. Kò fi í sí ìparí, nítorí ó ní ẹni tó bá fi ìdáhùn rẹ̀ pamọ́ di ìparí ti jẹ́ kí òǹkàwé bínú pẹ́ jù.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú àárín iṣẹ́ náà ni mo wò jù, nítorí ó kọ ọ́ níṣojú mi látòkè délẹ̀. Gbólóhùn tó fi ṣí i ni pé: Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́jọ ni apàlọ́ fi sọ ohun tí Ìjàpá ṣe lójú ọ̀nà, orin Ìjàpá kò lo ẹyọ kan nínú wọn. Mo ní ó dára. Òun kò dáhùn. Ó mú àdàkọ, ó tún fi ìka tọ orin náà, ó ń yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ dúró. “Bojú” wà nínú orin. Nínú ìtàn, Ìjàpá bojú wẹ̀yìn kó tó jókòó. Nínú orin, ó bojú wo ikùn rẹ̀ tó wú.

Èmi ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ó pa gbólóhùn tó dùn mọ́ mi rẹ́. Ó kọ pé orin náà fi méje sílẹ̀, ó sì mú ẹyọ kan. Ó wá dúró lórí ẹyọ kan yẹn: ojú tí Ìjàpá kọ́kọ́ fi wẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, òun náà ló wá ń fi wo ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àṣìṣe tó tún ṣe ló bí gbólóhùn tó dára jù nínú ìpínrọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ “ló” wọlé, ó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe, lẹ́yìn náà “tẹ̀rẹ́”, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan so wọ́n mọ́ ohun tó kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Kò sọ ìtàn náà padà níbì kankan. Bó bá ti fẹ́ máa sọ ọ́, mo ń rí i tí pẹ́ńsù rẹ̀ ń dúró. Á bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ fi gbólóhùn yìí hàn, bí kò bá sì rí ìdáhùn, á yọ ọ́.

Ìdáhùn rẹ̀ sí iyàn mi kò ju ìlà márùn-ún lọ. Ó gbà pé ọmọdé kò ro ti babaláwo, pé adùn orin ló ń fà wọ́n. Ó ní ọgbọ́n Ìjàpá gan-an nìyẹn: kò bẹ̀ wá pé ká gba òun gbọ́, ó kàn lé orin tó dùn ni.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ló fa ìwé méjèèjì yọ lábẹ́ àga. Ohun tó bá nínú ti Ọlátúnjí lórí àwítúnwí jẹ́ kó tún ìpínrọ̀ kẹta ṣe. Ìwé Babalọlá ló fi ń ṣe ìránnilétí pé àlọ́ kan kì í ní ẹnu kan. Níbì kan ikùn Ìjàpá bẹ́ ó sì kú, níbòmíràn babaláwo ṣàánú rẹ̀. Ó kọ ọ́ kedere pé ti màmá àgbà òun lòun ń sọ, pé nínú tiwọn babaláwo ní kò sí ẹ̀rọ̀.

Pélébé ìwé méjì ló bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan dùn ún. Ó ti rí i pé Lydia Cabrera, ọmọ Kúbà, kó ìtàn ahun jọ sínú ìwé kan tó jáde ní Miami ní 1971, Ayapá lorúkọ tó fún un. Àjàpá wa náà ni, tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Inú ọmọ yìí dùn sí i débi pé ó pè mí wá wò ó. Ó gbé e sí ipò kejì, ó gbé e sí ìkarùn-ún, ó gbé e sí ìparí. Níkẹyìn ó gbé òkúta kúrò lórí rẹ̀, ó ní, “Ó dára, Àǹtí, àmọ́ kò gbe ọ̀rọ̀ mi.” Fáànù fẹ́ ẹ bọ́ sábẹ́ tábìlì.

Èkejì ni “ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa”. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ní ká máa fi parí: kò yẹ kí á ṣe ojúkòkòrò, kò yẹ kí á purọ́. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá olùkọ́ rẹ̀ máa gba máàkì kúrò nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, ó tọ̀nà. Màmá kò sọ ẹ̀kọ́ kankan nínú ìṣẹ́jú 11 yẹn.

Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú-àáyá 48. Bí ọ̀pọ̀ apàlọ́ ṣe ń ṣe, màmá búra níparí pé bí òun bá purọ́ kí agogo ẹnu òun má ṣe dún, wọ́n sì fi ẹnu dún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan purọ́ lórin lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan búra òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu kan náà ni méjèèjì sì ti jáde, ẹnu ìyá mi. Ó kọ ìyẹn ní ìlà mẹ́rin, ó fi àmì ìdánudúró sí i, kò fi nǹkan kan kún un.

Ìfáárà ló kọ gbẹ̀yìn. Kò tó ìṣẹ́jú 20. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ júwe ilé tí òun kò tíì kọ́?

Iná ti lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, bátìrì sì ń kéré, síbẹ̀ kò fo àmì ohùn kankan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ka gbogbo rẹ̀ sókè láti inú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, á dúró, á tún un ṣe. Ó yọ “gan-an” mẹ́fà, ó yọ “ní tòótọ́” mẹ́ta. Níbi tó ti kọ “a lè sọ pé”, ó yọ “a lè”, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ojú-ìwé mẹ́fà àti ìlà méjì ló jẹ́. Ó padà wá ìlà méjì tó lè yọ, ó sì rí wọn ní ojú-ìwé kejì.

Mo ka iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀wà náà jóná díẹ̀, òkúta sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ nílé tó ti ìwé síwájú, tó mú pẹ́ńsù há eyín, tó tẹjú mọ́ ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an ní èlùbọ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe.